Ajá Tí Kì Í Jẹun Bí Olówó Rẹ̀ Bá Jáde: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwo oúnjẹ ṣì kún bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Ajá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ki imú bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ó fò mọ́ yín, ó ń ju ìrù, ó wá sáré lọ sídìí àwo, ó sì ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó bọ́ bàtà. Ó máa ń dun èèyàn, ó sì tún máa ń wú èèyàn lórí díẹ̀, ká má parọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń sin ajá, mo sì máa ń bá àwọn ojúlùmọ̀ tọ́jú tiwọn tí wọ́n bá rìnrìn àjò. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí.

Kí ló dé tí ajá tí ebi ń pa á fi máa kọ oúnjẹ?

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ti ajá tí olówó rẹ̀ jáde, òdì òwe yẹn ló ń ṣẹlẹ̀: ọ̀rọ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ wọnú, ebi ò wá ráyè mọ́. Ẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rù bá ba ẹranko, ara rẹ̀ á tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara ń ṣe nígbà ewu, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á fi ìfun sílẹ̀ lọ sínú iṣan ẹsẹ̀ kó lè ráyè sá tàbí kó jà. Ikùn á dẹwọ́ iṣẹ́. Ajá tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ lè máa gbóòórùn ẹran níwájú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má sì gbà á. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹnì kan yẹ kó ti dé, tí kò dé, tí fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Ta ló rántí oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà?

Àṣà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ló jẹ́ pé olówó wọn wà lára oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ yín, bí ẹ ṣe ń ṣí àpò oúnjẹ, "ó yá, wá jẹun" tí ẹ máa ń sọ, bí ẹ ṣe ń dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gbogbo ìyẹn ló ń sọ fún un pé àkókò ti tó. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, tó wá ku àwo nìkan nílẹ̀, lójú ajá, kò tíì sí oúnjẹ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹ jáde, ilé dákẹ́, kò sóhun tó ń lọ, wọ́n nà gbalaja títí ẹ fi dé. Àwọn yẹn ò níṣòro kankan.

Ṣé ó ń bínú sí mi ni? Ṣé ó fẹ́ fi jẹ mí níyà pé mo fi òun sílẹ̀ ni?

Rárá o. Kí ajá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti rò ó pé: "Bí mi ò bá jẹun, inú olówó mi á bà jẹ́, á sì padà sílé." Ajá kì í ṣírò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àárò yín ló ń sọ ọ́, àyà rẹ̀ sì ń já.

Lọ́dún 1998, József Topál àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary, mú ìdánwò kan tí wọ́n ti ń lò fún àwọn ọmọ kékeré àti ìyá wọn, wọ́n fi dán ajá wò. Wọ́n kó ajá àti olówó rẹ̀ sínú yàrá tí ajá ò mọ̀ rí, àjèjì kan á wọlé, olówó á jáde, á tún padà. Bí olówó bá wà níbẹ̀, ajá á máa ṣeré, á máa tú yàrá kiri. Bó bá jáde, ajá á lọ dúró sídìí ilẹ̀kùn. Bí ọmọ kékeré ṣe ń ṣe sí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ nípa Hachikō, ajá ilẹ̀ Japan tó ń lọ dúró de olówó rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú ní 1925 títí tí ajá fúnra rẹ̀ fi kú ní 1935. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ajá tó fẹ́ràn olówó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹnu kan nǹkan. Hachikō ń jẹun dáadáa! Àwọn ará ibùdókọ̀ ló ń fún un. Nígbà tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lẹ́yìn tó kú, wọ́n bá igi tí wọ́n fi ń gún ẹran sun nínú rẹ̀. Ajá lè máa retí èèyàn kó sì máa jẹun. Torí náà, ẹ má ṣe ka àwo tí kò fọwọ́ kàn sí ẹ̀rí ìfẹ́. Bí ọkàn ajá ṣe rí ni àwo yẹn ń sọ fún yín, òun ló sì yẹ ká tọ́jú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn?

Ẹ wo bó ṣe ń jẹun nígbà tí ẹ bá wà nílé. Ajá tó jẹ́ pé àárò ló ń ṣe é á jẹun lójú yín, á ṣeré, á yàgbẹ́ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ tí kò tún jẹun, ẹ má pè é ní àárò mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Eyín máa ń tan èèyàn jẹ. Ajá tí eyín ń dùn á wá sídìí àwo, á gbóòórùn oúnjẹ, á mú hóró kan sẹ́nu, á tún jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ̀rù ń bà kì í sábà dé ìdí àwo rárá. Bó bá sì dé ibẹ̀, á kàn wò ó fìrí ni, á padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo èrìgì. Tí kì í bá ṣe ajá tí èrìgì rẹ̀ dúdú láti ilẹ̀, ó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì lómi lára. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, á funfun. Tí ẹ bá gbé ìka kúrò, ó yẹ kó ti padà sí àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú àáyá 2 tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń bì léraléra, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ rọ̀ tí kò lè dìde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárò.

Ọ̀kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ikùn á wú, á le bí ìlù, ajá á máa gbìyànjú láti bì ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ní jáde, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní rójú dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún ikùn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ikùn náà ti lọ́ pọ̀. Àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn, bíi Great Dane àti German Shepherd, ló sábà máa ń mú. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè pa ajá, nítorí náà òru ni o, ọ̀sán ni o, ẹ gbé e lọ.

Ọjọ́ mélòó ni ajá lè lò láìjẹun?

Àgbà ajá tí ara rẹ̀ le lè lo ọjọ́ 2 tàbí 3 kó má sì kú, tó bá ṣáà ti ń mu omi. Ìyẹn ò ní ká wá káwọ́ gbera títí ọjọ́ kẹta. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé tó bá ti pé wákàtí 24, mo máa ń pe dókítà, kódà kó jẹ́ ìmọ̀ràn lásán ni mo fẹ́ gbà. Tó bá fi máa pé 48, èmi àti ajá ti wà lọ́nà.

Ti ọmọ ajá ò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn ẹ̀yà kéékèèké bíi Chihuahua àti Yorkshire Terrier. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn tètè máa ń lọ sílẹ̀. Wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa rìn bí ọ̀mùtí. Wákàtí ni kí ẹ máa kà fún àwọn yẹn, kì í ṣe ọjọ́. Ajá tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba ínsúlínì tún yàtọ̀ pátápátá: ínsúlínì tó wọ ara tí oúnjẹ ò sí nínú rẹ̀ lè pa á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà fún ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ pé tí ajá ò bá jẹun, kó pe dókítà kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ.

(Ẹ tún má fi òṣùwọ̀n ajá wọn ológbò o. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3 lè bẹ̀rẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀ tó le.)

Omi ńkọ́?

Omi ló yẹ kó kó wa láyà sókè ju oúnjẹ lọ. Ajá ń fẹ́ omi bíi mílílítà 50 sí 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn ni pé ajá tó wọn kílò 20 á mu tó lítà kan. Ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bó bá padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dáa. Bó bá ń rọra padà bí aṣọ tó ti rún, omi ti ń tán lára rẹ̀. Ajá tí kò mu omi rárá fún odindi ọjọ́ kan, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ.

Ibi iṣẹ́ lásán ni mo ń lọ, bíi wákàtí mẹ́jọ. Tí mo bá dé, á jẹun. Ṣé kí n máa dààmú?

Ẹ má dààmú. Ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó jáde, ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ kiri, kí ẹ tún fún un lálẹ́. Ẹ má fi àwo sílẹ̀ di ọ̀sán. Bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tí kò jẹ ẹ́, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù tàbí kàmẹ́rà ká a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá jáde ni kí ẹ wò jù. Bó bá sùn, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá ń rìn lọ rìn bọ̀, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tó ń hu, tó ń họ ilẹ̀kùn, tó tọ̀ sílé bẹ́ẹ̀ sì rèé kì í tọ̀ sílé tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tí kò jẹ ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ìdánìkanwà ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Mo fẹ́ rìnrìn àjò. Kí ni kí ẹni tó máa bá mi tọ́jú rẹ̀ ṣe?

Kó má pààrọ̀ nǹkan kan. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, àwo tó ń lò tẹ́lẹ̀, àkókò tó ń jẹun tẹ́lẹ̀. Àsìkò tí ẹ ò sí nílé kọ́ ló yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ tuntun dé. Pípààrọ̀ oúnjẹ ajá nìkan tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni náà ti wá bọ́ ọ nígbà bíi méjì tàbí mẹ́ta lójú yín kí ẹ tó lọ.

Kó kọ́kọ́ mú un rìn kó tó gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ìrìn máa ń tú ara ajá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sórí oúnjẹ gbígbẹ, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á dìde, imú sì ni ajá fi ń jẹun kó tó fi ẹnu jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á dúró lé ajá lórí, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́: "Jẹun o, jọ̀ọ́, jẹun." Lójú ajá, àjèjì tó dúró gbọingbọin tó ń wò ó lójú nìyẹn, ohun tó lè lé e kúrò nídìí àwo sì ni. Mo tọ́jú ajá kan rí fún ọjọ́ márùn-ún tí kò fi ẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ kìíní. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń jẹ oúnjẹ tèmi. Mo fi hóró oúnjẹ rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mi ò sì wẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí ilẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó rún hóró náà. Mo fi òmíràn síbẹ̀. A jẹ tó àádọ́ta hóró báyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ mi ti kú tán pátápátá. Lọ́jọ́ kẹta, inú àwo ló ti jẹun.

Kí ẹnikẹ́ni má fi tipátipá ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ajá náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwo fúnra rẹ̀.

Ṣé ó wúlò kí n fi aṣọ mi sílẹ̀ fún un?

Ó wúlò fún ọ̀pọ̀. Aṣọ tí ẹ ti wọ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀ ni o. Ní Emory University ní Amẹ́ríkà, Gregory Berns àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ajá láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n wá ń gbé oríṣiríṣi òórùn sí wọn nímú: ti èèyàn tí wọ́n mọ̀, ti àjèjì, ti ajá mìíràn. Òórùn èèyàn tí wọ́n mọ̀ ló ta ibi tó ń retí ohun rere nínú ọpọlọ wọn jí jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni náà ò sí nítòsí. Ẹ tẹ́ aṣọ náà síbi tó ń sùn. Àmọ́ tí ajá yín bá jẹ́ irú èyí tó ń gbé aṣọ mì, ẹ má dán an wò. Aṣọ lè dí ìfun pa.

Kí n máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́?

Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì máa wò ó. Àwọn mìíràn á fara balẹ̀. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín kiri inú ilé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí ohùn ń jáde tí èèyàn ò sí. Bó bá jẹ́ èyí kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé kí n fi nǹkan aládùn tàn án?

Díẹ̀ ò burú: adìyẹ tí wọ́n sè láìsí iyọ̀ àti àlùbọ́sà, tí wọ́n yọ eegun rẹ̀ kúrò. Kò gbọdọ̀ wá di pé ojoojúmọ́ ni. Ajá tètè máa ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ tó sì máa kọ́ ni pé tí òun bá kọ oúnjẹ, adìyẹ á dé. Àlùbọ́sà, aáyù, ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, àti ohunkóhun tó ní xylitol (ohun àdídùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà) bíi àwọn ṣingọ́ọ̀mù kan, májèlé ni gbogbo wọn fún ajá. Eegun tí wọ́n ti sè máa ń ya sí wẹ́wẹ́, ó sì lè gún ìfun. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀, torí àánú ló máa ń jẹ́ kí wọ́n fún un.

Ohun ìṣeré rọ́bà tí wọ́n ń ki oúnjẹ sí nínú náà dáa fún ajá tí nǹkan ń sú. Fún ajá tó ń bẹ̀rù, ó lè di àmì burúkú: kìkì ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde ló ń rí i, bó bá ti rí i báyìí, àyà rẹ̀ á já. Ẹ máa fún un nígbà tí ẹ wà nílé náà.

Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ kó lè máa jẹun tí mi ò bá sí?

Ìdánìkanwà gan-an ni ẹ máa kọ́ ọ. Oúnjẹ á tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ sọ àwọn àmì ìjáde yín di nǹkan lásán. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ mì í, ẹ padà jókòó. Ẹ wọ bàtà, ẹ lọ bu omi mu, ẹ bọ́ ọ. Ẹ máa ṣe é léraléra lójúmọ́ títí ajá ò fi ní gbórí sókè mọ́ tó bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ wọlé. Mẹ́wàá, ẹ wọlé. Ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kó máa gùn nígbà kan, kó kúrú nígbà mìíràn, kí ẹ sì máa wọlé kí ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde, ẹ fi ẹran kékeré kan tó fẹ́ràn dáadáa sílẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó lórí kàmẹ́rà. Òṣùwọ̀n yín nìyẹn. Bó bá jẹ ẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ lè fi àkókò kún un. Bó bá fi ẹran sílẹ̀ tó lọ dúró sídìí ilẹ̀kùn, ẹ ti pẹ́ jù níta. Ẹ dín in kù lọ́la. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbà, nígbà mìíràn oṣù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjọ́ mẹ́ta ni, nǹkan ló fẹ́ tà.

Ẹ má lù ú, ẹ má pariwo mọ́ ọn nítorí ohun tó bà jẹ́. Ẹ̀rù ni ẹ̀ ń fi kún ẹ̀rù yẹn.

Ṣé oògùn wà fún un?

Ó wà. Clomipramine àti fluoxetine ni àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ẹ̀rù ìdánìkanwà ajá, pa pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí mo sọ lókè yìí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi sọ́kàn pé fluoxetine fúnra rẹ̀ lè dín ìfẹ́ oúnjẹ ajá kù, nítorí náà ẹ sọ ọ̀rọ̀ àìjẹun náà fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì bu oògùn èèyàn fún ajá.

Bí mo bá ra ajá kejì ńkọ́?

Ẹ̀yin ló ń wá, kì í ṣe ajá. Ẹ lè wá ní ajá méjì tí kò jẹun.

Mo ti dé, ó sì fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Tó bá jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán lásán ló fò, ẹ fún un ní ìwọ̀n tó máa ń jẹ. Tó bá ti lé ní ọjọ́ kan, ẹ má jẹ́ kó sáré. Ikùn tó ti ṣófo pẹ́, tó sì ti ń bi omi òróòro aláwọ̀ ìyeyè, kì í gba ẹrù lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tó bá gbé mì lè padà wá sórí kápẹ́ẹ̀tì yín. Mo máa ń jókòó tì í kí ìmí rẹ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀, kí ìrù náà dẹ̀. Ó lè tó ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, omi díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀, wákàtí méjì sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin mìíràn. Á máa wò mí bíi pé ahun ni mí.